Ìgbà tí Kògbóògùn Gbọ́ Oògùn ní Botswana

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí àrùn éèdì dé, ohun tí Yorùbá rí nílé ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: kògbóògùn. Àwọn tí ó kó o ń rù, wọ́n ń gbẹ, oníṣègùn ń gbìyànjú, dókítà ń gbìyànjú, ikú ni ó sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá gbọ́ orúkọ náà lónìí lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí títí ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè kan wà ní ìhà gúúsù Áfíríkà tí ó mú kí orúkọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di irọ́, kò sì dá a ṣe. Botswana ni orílẹ̀-èdè náà. Bí ó ṣe bá àwọn àjèjì pa ọwọ́ pọ̀ láti gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn rẹ̀ là, àti ibi tí àjọṣe náà já sí, jẹ́ ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gbé yẹ̀ wò.

Nígbà tí Botswana gba òmìnira ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966 lábẹ́ Seretse Khama, ó wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tòṣì jù lọ lágbàáyé. Aṣálẹ̀ Kalahari ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀. Òjò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ débi pé ‘pula’, tí í ṣe òjò ní èdè Setswana, ni wọ́n ń ké láti fi ṣe ìwúre ní àwùjọ, òun náà ni wọ́n sì fi sọ owó wọn lórúkọ. Ọdún kan lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní Orapa. Ìjọba kò gbé e lé ilé-iṣẹ́ De Beers lọ́wọ́ pátápátá. Wọ́n jọ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Debswana lónìí, ó sì di pé ìdajì ni tí ìjọba, ìdajì ni ti De Beers. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi la títì, tí wọ́n fi kọ́ ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ó jẹ́ kí Botswana lè bá àwọn àjèjì jókòó lórí àga kan náà nígbà tí ọ̀rọ̀ éèdì dójú ẹ̀.

Ọdún 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn náà níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2000, ó kéré tán, ẹnìkan nínú àgbàlagbà mẹ́rin ni ó ní kòkòrò HIV lára. Iye ọdún tí ọmọ tuntun lè retí láti lò láyé, tí ó ti lé ní 60 tẹ́lẹ̀, já wá sí ìsàlẹ̀ 50. Olùkọ́ ń kú, nọ́ọ̀sì ń kú, awakùsà ń kú. Àwọn ìyá àgbà tí ó yẹ kí wọ́n máa sinmi tún bẹ̀rẹ̀ ọmọ títọ́. Unity Dow, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga Botswana, tẹ ìwé ìtàn àròsọ kan jáde ní ọdún 2000, Far and Beyon’, nípa ìyá kan tí ó sin ọmọkùnrin méjì, tí ó sì ń wá ìdí ikú wọn kiri lọ́dọ̀ àwọn awo. Ní orílẹ̀-èdè South Africa tí ó múlé ti Botswana, Ààrẹ Thabo Mbeki ṣì ń ṣiyèméjì bóyá kòkòrò HIV ni ó ń fa éèdì. Festus Mogae, Ààrẹ Botswana, kò bá wọn ṣe iyèméjì. Ó kéde létí gbogbo ayé ní ọdún náà pé ìparun ni ó ń lé àwọn ènìyàn òun bọ̀. Kò rọrùn fún olórí láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ìlú ara rẹ̀. Ẹni tí ó bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀, ta ni yóò bá a wẹ̀ ẹ́?

Ọdún 2000 náà ni wọ́n dá àjọ tí wọ́n ń pè ní ACHAP sílẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni ó wà nídìí rẹ̀: ìjọba Botswana, àjọ Bill àti Melinda Gates, àti àjọ ilé-iṣẹ́ apoògùn Merck ti Amẹ́ríkà. Gates ṣèlérí mílíọ̀nù 50 dọ́là, àjọ ti Merck náà ṣèlérí mílíọ̀nù 50, Merck sì gbà láti máa fi méjì nínú oògùn rẹ̀ ta Botswana lọ́rẹ. Láti ọdún 1996 ni Yunifásítì Harvard ti ń bá ìjọba ṣe ìwádìí ní tirẹ̀. Ní ọdún 2001 wọ́n ṣí ilé àyẹ̀wò ńlá kan sínú ọgbà ilé ìwòsàn Princess Marina ní Gaborone. Ní oṣù Kìíní ọdún 2002, oògùn ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn yìí, kí ó tó dé Francistown, Serowe àti Maun. Kò tíì sí ìjọba mìíràn ní Áfíríkà tí ó gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo ìlú rí.

Masa ni orúkọ ètò náà, ìyẹn àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ tuntun. Kitso, tí ó túmọ̀ sí ìmọ̀, ni wọ́n pe ètò tí Harvard bá wọn gbé kalẹ̀ láti kọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ èdè yóò rí i pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mélòó ni ètò ìrànwọ́ tí ó ti wọ Áfíríkà pẹ̀lú orúkọ gígùn lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí ìyá alátà kò lè pè, tí orúkọ náà sì bá owó rẹ̀ lọ? Setswana ni wọ́n fi sọ èyí lórúkọ. Bàbá ọmọ ni í sọmọ lórúkọ. Àlejò kàn ń fi owó sínú omi ni.

Síbẹ̀, kò lọ geere. Wọ́n gbé oògùn sílẹ̀ tán, àwọn aláìsàn kò tètè wá. Ìtìjú dá ọ̀pọ̀ dúró sílé. Àwọn mìíràn kò mọ̀ pé àwọn ní kòkòrò náà títí ó fi wó wọn mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò tó, àwọn tí ó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kò tó. Owó wà, ṣùgbọ́n owó kò mọ abẹ́rẹ́ gún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004 ni ìjọba yí ọ̀nà padà: ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ilé ìwòsàn, ohun yòówù tí ó gbé e débẹ̀, wọn yóò fi àyẹ̀wò HIV lọ̀ ọ́, àfi bí ó bá kọ̀. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan bẹ̀rù pé ojú yóò máa ti ènìyàn láti kọ̀. Ìbẹ̀rù wọn kò ṣàìnídìí, ṣùgbọ́n èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. PEPFAR, ètò tí Ààrẹ George Bush gbé kalẹ̀ ní ọdún 2003, tún dé pẹ̀lú owó Amẹ́ríkà. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìjọba Botswana fúnra rẹ̀ ni ó ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìnáwó náà, láti inú owó dáyámọ́ńdì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kù díẹ̀ káàtó ni ti àwọn àlejò. Ọmọ onílẹ̀ nìkan ni oògùn ọ̀fẹ́ náà wà fún. Àwọn ará Zimbabwe tí ń ṣiṣẹ́ ilé, tí ń da ẹran, tí ń kọ́lé ní Botswana, bí wọ́n bá kó àrùn náà, kí wọ́n wá owó oògùn fúnra wọn ni. Bẹ́ẹ̀ ìlú yìí kan náà ti fi ‘botho’ kún àwọn òpó tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ dúró lé. Botho sì sún mọ́ ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwà ọmọlúàbí, pé ẹnìkejì ẹni ni ó ń sọ ẹni di ènìyàn. Ó tún ṣòro láti rí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀, nítorí kòkòrò kì í bi ènìyàn ní ìwé ìrìnnà kí ó tó wọ ara rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní ọdún 2014 ilé-ẹjọ́ gíga dá wọn láre. Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún pàdánù ní ọdún 2015. Ọdún 2019 ni ìjọba tó gbà kí gbogbo àlejò tí ń gbé ibẹ̀ máa gba oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 17 ti kọjá lórí Masa nígbà náà. Ẹlẹ́wọ̀n ni ó kọ́ ìlú náà ní ìtumọ̀ botho, kì í ṣe àwọn olówó òkèèrè tí wọ́n jọ jókòó ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ìwádìí ọdún 2021 fi èso iṣẹ́ náà hàn. Nínú 100 àgbàlagbà tí ó ní kòkòrò HIV, 95 ni ó mọ̀. Nínú 100 tí ó mọ̀, 98 ń lo oògùn. Nínú 100 tí ń lò ó, oògùn ti ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò lára àwọn 98. Ní ìparí ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹ́ Botswana sí nítorí pé ọmọ tí ń kó o lára ìyá ti dín kù gidigidi. Èso kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 yìí, nígbà àrùn Kòrónà, ilé àyẹ̀wò tí wọ́n kọ́ nítorí éèdì ní Gaborone, níbi tí Sikhulile Moyo ti ń ṣe olórí ìwádìí, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí ẹ̀yà kòkòrò tí wọ́n wá ń pè ní Omicron. Wọ́n sáré ta ayé lólobó. Ohun tí ayé fi san án fún wọn ni pé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn arìnrìn-àjò láti Botswana àti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Àjọṣe ń bẹ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ni wọ́n kà sí ọ̀gbà.

Ìdánwò tí ó le jù dé ní ọdún 2025. Ní oṣù Kìíní, ìjọba Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó ìrànwọ́ rẹ̀ fún òkèèrè dúró. Èyí ì bá ṣeé fara dà fún ẹni tí ń dá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà dáyámọ́ńdì ti ń ṣubú, nítorí pé àwọn kan ti ń fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀ tí ojú lásán kò lè fi yàtọ̀, ní owó pọ́ọ́kú. Ọwọ́ ọ̀tún ń gbẹ, ọwọ́ òsì náà ń gbẹ. Ní oṣù Kẹjọ, Ààrẹ Duma Boko kéde pé ọ̀rọ̀ ìlera ti di pàjáwìrì, nítorí oògùn ti ń tán ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ó ya mílíọ̀nù 250 pula sọ́tọ̀, ó sì ní kí àwọn ológun máa bójú tó bí oògùn yóò ṣe kúrò ní Gaborone dé àwọn ẹsẹ̀kùkú. Ó tún sọ ohun kan tí kò kan Amẹ́ríkà tàbí ọjà dáyámọ́ńdì rárá: iye tí ìjọba fi ń ra oògùn sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá iye tí ó yẹ.