Àdelé tó pààrọ̀ ẹgbẹ́



Àbúrò wa tó wà ní Atlanta ló fi eré fantasy football mọ̀ wá. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́yà sáré. Oníkálukú á ṣa agbábọ́ọ̀lù sínú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá ló ń di máàkì fún un.

Lọ́dún 2008, ó bi wá nípa Michael Turner. Ọdún 4 ló fi ṣe àdelé LaDainian Tomlinson ní San Diego, kó tó bọ́ sí ẹgbẹ́ Falcons ní Atlanta. Àwa olùkọ́ wo ìṣirò: ní 2007, ìgbà 71 péré ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. A ní, "Fi í sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá kì í jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀." Àbúrò wa gbọ́ràn.

Lọ́dún náà, ìgbà 376 ni Falcons gbé bọ́ọ̀lù fún un. Ó sá yáàdì 1,699, ó sì gbé bọ́ọ̀lù wọlé nígbà 17.

Ìṣirò wa kò purọ́, ìbéèrè wa ló ṣì. Ó yẹ ká bi pé: níbi tó ń lọ, ta ló dí i lọ́nà? Tomlinson kò sí níbẹ̀. Warrick Dunn tó ń sáré fún Falcons tẹ́lẹ̀ náà ti kúrò.

Ohun tó dùn wá jù ni pé olùkọ́ àdelé làwa náà nígbà yẹn, à ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé kíláàsì kan lé wa lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti fojú àdelé wò rí?