Pọ́ǹpù Omi Àtijọ́ Lójú Ọ̀nà Òṣogbo sí Ìléṣà

Ìrìnàjò tí mo fẹ́ ròyìn yìí kò jìnnà. Òṣogbo sí Ìléṣà kò pé ogójì kìlómítà. Ẹni tó bá jáde láàárọ̀ lè padà wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán nílé. Ìbéèrè kan ni mo gbé lọ́wọ́ gba ọ̀nà náà: bí pọ́ǹpù omi tó bá Peugeot 504 wá láti ilé iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ṣé kí wọ́n tú u palẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe ni, àbí kí wọ́n jù ú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n ra òmíràn? Kí wọ́n ra òmíràn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa wí. Èmi gbà pé títún un ṣe ló tọ́, níwọ̀n ìgbà tí ara pọ́ǹpù náà kò bá tí ì là. Mo sì gbà pé láàárín ìlú méjèèjì yìí, kò sí ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè tí a kò ní, àfi sùúrù.

Ibùdókọ̀ ojú irin Òṣogbo ni mo ti gbéra, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ńlá ti kọ́kọ́ wọ àgbègbè yìí. Ọdún 1907 ni ojú irin láti Èkó dé ibẹ̀. Oru omi ló ń ti ọkọ̀ ojú irin ayé ìgbà náà, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì lè fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré. Ní 1980, ìjọba àpapọ̀ tún dá ilé iṣẹ́ Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo kan náà, kí ó lè máa ṣe ẹ̀rọ léètì àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó ń gé irin. Ilé iṣẹ́ tó ń na irin gbọọrọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀kan nínú mẹ́ta tí wọ́n pín fún Òṣogbo, Jos àti Katsina. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìtàn àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí lè bi mí pé: bí ilé iṣẹ́ tí ìjọba fi owó gọbọi kọ́ kò bá lè dìde dúró, kí ni ọmọ tó wà lábẹ́ ìbòòrùn páànù pẹ̀lú léètì àlòkù kan fẹ́ ṣe? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí pọ́ǹpù omi ń fẹ́ kò tó iṣẹ́ ilé iṣẹ́. Ó ń fẹ́ léètì kan, ohun tí a fi ń fa púlì yọ, káálípà ìwọn-nǹkan, àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Kò gba iná mànàmáná tó ń gbé ìlú, kò gba àṣẹ mínísítà.

Ìdí tí mo fi mú 504 nínú gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ kò ṣòro láti rí. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù kẹta 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbí. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí wọ́n ṣe káàkiri ayé, lẹ́yìn tí Faransé sì ti ṣíwọ́, Kàdúná ṣì ń tò ó lọ ní tirẹ̀. Láyé ìgbà náà, òun ni ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba, òun ni takisí, òun ni wọ́n fi ń gbé ìyàwó. Ẹ má sọ pé mo gbàgbé Vọ́ọ̀sì ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975 bákan náà. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀ rárá, atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Onítọ̀hún ti bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wo pọ́ǹpù náà fúnra rẹ̀. Bẹ́líìtì ń yí púlì, púlì wà lórí ọ̀pá irin, ọ̀pá sì gba inú bíárìn kọjá. Ní ìdí ọ̀pá náà, nínú omi, ni abẹ̀bẹ̀ kékeré kan wà tó ń gbọ́n omi láti rédíétọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, tí omi fi ń lọ tó ń bọ̀ láìdúró. Láàárín omi àti bíárìn, síìlì ló dúró bí oníbodè: òrùka dúdú kan tí sípíríǹgì ń tì mọ́ òrùka mìíràn tó ń dán bí àwo tánganran. Ibi tí òrùka méjèèjì ti fara kanra, tí wọn kò jẹ́ kí omi kọjá bí ọ̀kan tilẹ̀ ń yí tí èkejì dúró, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ya pọ́ǹpù náà mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, ojú òrùka yóò jẹ. Nítorí náà wọ́n lu ihò kékeré kan sí abẹ́ ara rẹ̀, láàárín síìlì àti bíárìn, kí omi tó bá yọ́ kọjá lè kán sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ bíárìn. Ẹnu tí pọ́ǹpù fi ń ké gbàmí ni ihò yẹn. Kí ni wọ́n ń ṣe sí i nílé mẹ́káníìkì? Wọ́n ń po gọ́ọ̀mù Araldite, wọ́n ń fi dí i. Omi kò kán mọ́, inú onímọ́tò dùn. Àmọ́ omi tí kò rí ọ̀nà jáde á yà sínú bíárìn, á fọ gíríìsì inú rẹ̀ nù, bọ́ọ̀lù irin á dípẹtà, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í han bí àparò. Ọ̀pá á máa mì, fáànù tó wà lórí rẹ̀ á fì síwájú, á sì fi abẹ ya rédíétọ̀. Nígbà náà ni wọ́n á wá sọ pé, "Pọ́ǹpù yìí ti kú."

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé rí nìyí: nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, síìlì ló kọ́kọ́ jẹ, bíárìn ló tẹ̀ lé e. Ohun tó máa ń jẹ ni méjèèjì, bí táyà, bí bùréèkì. Ara pọ́ǹpù tí wọ́n dà, ojú rẹ̀ tí wọ́n gé kó lè bá ẹ́ńjìnnì mu, àwọn ihò bóòtù rẹ̀, kò sí èyí tó ṣẹ̀. Ẹni tó bá ju gbogbo rẹ̀ nù nítorí síìlì dà bí ẹni tó wó ilé nítorí pé ilẹ̀kùn kan ń dún.

Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe nìyí. Kí òòlù tó kan ohunkóhun, kí wọ́n fi káálípà wọn bí ojú ibi tí púlì jókòó ṣe ga tó sí ojú ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń lẹ̀ mọ́, kí wọ́n wọn bí abẹ̀bẹ̀ inú ṣe wọlé tó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá wọn ọ́n, bẹ́líìtì rẹ̀ á máa rìn wọ́gọwọ̀gọ. Bí abẹ̀bẹ̀ bá sún mọ́ ògiri jù, á máa ha á, bó bá jìnnà jù, omi á máa yí lójú kan láìlọ síbì kan. Púlì àti abẹ̀bẹ̀, fífà ni kí wọ́n fà á yọ, kí wọ́n má ṣe lù ú. Bí ara pọ́ǹpù bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ooru ni ọ̀rẹ́ oníṣẹ́, nítorí alumíníọ̀mù ń fẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì irin nígbà tí iná bá mú un: kí wọ́n gbé e sínú omi híhó, bíárìn àtijọ́ á rọ̀ láti jáde, tuntun á sì rọ̀ láti wọlé. Òrùka ìta bíárìn ni kí wọ́n tì nígbà tó bá ń wọlé; ẹni tó bá fi agbára ti ọ̀pá àárín ti fi bọ́ọ̀lù irin dá ọgbẹ́ sí inú bíárìn tuntun, kò tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bàjẹ́. Ojú síìlì kò gbọdọ̀ rí ìka tó ní gíríìsì.

Níhìn-ín ni olówó tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ máa ti dá mi lẹ́kun. Yóò ní bí a bá pààrọ̀ bíárìn, síìlì, bóyá ọ̀pá pẹ̀lú, kí ló tún kù tí a ń pè ní ojúlówó? Òṣogbo ti dáhùn ìbéèrè yẹn kí n tó dé. Nígbà tí ilé òrìṣà inú igbó Òṣun ń wó lọ, Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà, bíi Adébísí Àkànjí, tún wọn mọ. Wọ́n lo símẹ́ńtì, ohun tí àwọn baba ńlá kò mọ̀. Síbẹ̀ ní 2005, UNESCO ka igbó náà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ojúlówó ni ohun tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún, níbi tí wọ́n dá a sí. Ti 504 tilẹ̀ ní ìdí kan sí i. Wọ́n ṣe fáànù rẹ̀ kó lè máa yí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí pọ́ǹpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí máńgínẹ́ẹ̀tì sì gbá a mú nígbà tó bá gbóná. Púlì ojúlówó ní àyè fún máńgínẹ́ẹ̀tì náà. Pọ́ǹpù tuntun tí kò bá ní àyè yẹn ti sọ fáànù di ẹrù tí kò ní ìsinmi, bíárìn ló sì ń rù ú.

Àtakò tó le jù ni ti owó, òun ló sì yẹ kí n gbé dé Ìléṣà, nítorí ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ owó kà. Àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ tó ń gbé aṣọ káàkiri, máa ń tà á láwìn, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Iye tí wọ́n kọ sára ọjà nìkan kọ́ ni wọ́n ń rò. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé pọ́ǹpù inú páálí kò wọ́n tó owó bíárìn, síìlì àti owó oníléètì. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ro ó bí Òṣómàáló ṣe máa rò ó: bí pọ́ǹpù ọ̀pọ̀ náà bá jò láàárín ọdún kan, owó mẹ́káníìkì di méjì, bó bá sì jò lójú ọ̀nà, owó gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì tó jó ń bọ̀ lẹ́yìn. Dọ́là ni wọ́n fi rà á wá. Kí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP tó dé ní 1986, ìgbà kan wà tí náírà kan ju dọ́là kan lọ. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, gbogbo ẹni tó ra ẹ̀yà ọkọ̀ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Owó oníléètì, náírà ni, ìlú ló sì dúró sí.

Wọ́n tún ní iṣẹ́ ọwọ́ kò ní ìdánilójú. Mo gbà fún wọn ní ìdajì. Oníṣẹ́ tí kò ní káálípà ń dáfá ni. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo síìlì tó bá ìwọ̀n mu ló lè fara da omi gbígbóná, ẹni tó bá sì fi ti ẹ̀rọ kànga sí i ń tan ara rẹ̀. Bí ara pọ́ǹpù bá ti là, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ibi tí síìlì jókòó di kọ̀ǹkọ̀ǹkọ̀, mo ní kí wọ́n ra òmíràn, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìdánilójú wo ló wà nínú páálí? Orúkọ ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ẹnikẹ́ni kò rí inú rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ̀. Èyí tí a tú palẹ̀, a ti rí inú rẹ̀. A lè ti omi sí i nínú lórí tábìlì, ká wo ihò abẹ́ rẹ̀ bóyá yóò kán, kó tó padà sórí ẹ́ńjìnnì.

Láti Ìléṣà, ọ̀nà yà ní Ìwárája, apá kan gun òkè lọ sí Ẹfọ̀n-Aláayè. Òkè yẹn kì í ṣe ojúsàájú: jíà kékeré, ọkọ̀ ń fà, atẹ́gùn kò wọlé tó, gbogbo ẹrù wà lọ́rùn pọ́ǹpù. Níbẹ̀ ni omi tí wọ́n dà sí rédíétọ̀ ti ń jẹ́rìí. Omi kànga ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú. Ó ń lẹ̀ mọ́ ara irin bí èèpá ìsàlẹ̀ ìkòkò, ìpẹtà ń sọ omi di pupa bí epo, ìdọ̀tí rẹ̀ ló sì ń rin ojú síìlì. Bí pọ́ǹpù tí wọ́n tún ṣe bá pàdé irú omi bẹ́ẹ̀, yóò jò. Bí tuntun bá pàdé rẹ̀, yóò jò bákan náà. Nítorí náà, kí wọ́n fọ rédíétọ̀ kí wọ́n tó dá pọ́ǹpù padà, kí wọ́n sì lo kúláǹtì. Bí kò bá sí, omi òjò sàn ju omi kànga lọ.

Bí pọ́ǹpù 504 bá wà lẹ́yìn ilé yín tí wọ́n ti ní ó ti kú, ẹ yí i padà kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí Araldite nínú ihò náà, ẹ má tíì tà á fún oní-pàǹtí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníléètì.