Ààbọ̀ Fọ́tò

Láti sáà tó kọjá lẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, níbi oúnjẹ, lẹ́nu ọ̀nà láíbìrì, àti níbi tí a ti ń to ìlà wọ bọ́ọ̀sì: "Kí ni nǹkan kékeré tó wà lọ́rùn rẹ yìí? Ṣé o ò ní fóònù ni?" Mo ní fóònù. Fóònù mi ń ya fọ́tò, kódà ó ń yà á ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ló wà nínú rẹ̀ tí n kò padà wò rí. Èyí tó wà lọ́rùn mi, kámẹ́rà onífíìmù ni, irú tí àwọn onífọ́tò ń pè ní half-frame. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnu mi lè sinmi.

Fíìmù 35mm, èyí tí àwọn òbí wa fi ya fọ́tò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, fọ́tò kọ̀ọ̀kan tó wà lórí rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 36, ó sì ga tó 24. Kámẹ́rà tèmi dá ojú yẹn sí méjì, ó ń lo 18 sí 24. Nítorí náà, fíìmù tó yẹ kó ya fọ́tò 36 á ya 72. Bí ẹ bá sì gbé e sójú bí wọ́n ṣe ń gbé kámẹ́rà, fọ́tò á dúró lóòró bí ẹni tó dìde nàró. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó dùbúlẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa yí kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ará Japan kan, Yoshihisa Maitani, ló ṣe èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn fún ilé iṣẹ́ Olympus ní 1959. Kámẹ́rà tí mẹ̀kúnnù lè rà ló ń wá, tí owó rẹ̀ kò ní ju 6,000 yẹ́ẹ̀nì lọ, tí èèyàn lè máa mú kiri bó ṣe ń mú kálàmù kiri. Ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi ń jẹ́ Pen. Èmi tí mò ń kọ ewì, orúkọ yẹn nìkan ti tó láti fà mí mọ́ra. Ní 1961 ni Pen EE jáde, èyí tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1963, Pen F dé, èyí tí a lè pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Canon gbé Demi jáde, pẹ̀lú Dial 35 tó ní sípíríǹgì nínú: ẹ ó wáyìn ín bí aago àtijọ́, á sì máa fa fíìmù fúnra rẹ̀. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ lásán ni o. Ní 2024, Pentax gbé tuntun jáde, Pentax 17. Àmọ́ owó ìyẹn kì í ṣe owó ọmọ iléèwé, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ jàre.

Tèmi, Olympus Pen EE-3 ni, irú èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1973. Ọwọ́ bàbá onífọ́tò kan tó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ti rà á. Kí bàbá tó gba owó lọ́wọ́ mi, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, torí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí ara rẹ̀ ń dán ló ti kú.

Ẹ wo dígí tó yí lẹ́ńsì rẹ̀ ká, tó rí kókókókó bí ojú oyin nínú afárá. Selenium ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sórí rẹ̀ ló ń di iná tín-ín-rín tó ń ṣiṣẹ́ nínú kámẹ́rà, kò nílò bátìrì kankan. Ṣùgbọ́n selenium a máa gbó, bó bá sì ti kú, ó ti kú nìyẹn. Ẹ yí òrùka ara lẹ́ńsì sí A. Ẹ fi ọwọ́ bo dígí náà, kí ẹ yọjú níbi ihò rẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì. Bó bá yè, ahọ́n pupa kan á yọ sókè níwájú ojú yín, kámẹ́rà á sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ya fọ́tò nínú òkùnkùn. Ẹ wá kọjú rẹ̀ sí oòrùn, kí ẹ tún un tẹ̀; ó gbọ́dọ̀ dún. Bó bá dún nígbà tí ẹ fọwọ́ bò ó, tàbí tó kọ̀ nínú oòrùn, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá nǹkan bí òwú aláǹtakùn ti ta sínú lẹ́ńsì. Ẹ fi àtàǹpàkò yí kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín tó ń fa fíìmù, kí ẹ rí i pé kò ń yọ̀. "Ọmọ mi," bàbá sọ fún mi, "kámẹ́rà tó mọ ìgbà tí kò yẹ kóun yà ló dáa." Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn ìwé mi.

Yíyà rẹ̀ kò le. Ẹ yí nọ́ńbà ASA sí ti fíìmù yín, láti 25 dé 400, ó parí. Lẹ́ńsì rẹ̀ kì í yí síwá sẹ́yìn, nítorí náà ẹ má sún mọ́ èèyàn jù. Bí kò bá tó nǹkan bíi mítà kan àti ààbọ̀ sí yín, ojú rẹ̀ á ṣú. Ẹ má sì retí pé ẹ ó fẹ fọ́tò rẹ̀ tó pátákó ìpolówó. Ojú fíìmù kéré, tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ jù, á máa hàn bí iyanrìn. Mo fẹ́ràn iyanrìn yẹn.

Ohun tí n kò retí ni pé kámẹ́rà yìí máa kọ́ mi ní ewì. Fọ́tò méjì-méjì ló ń jókòó sí àyè tó jẹ́ ti ẹyọ kan, ìlà dúdú tín-ín-rín kan ló sì là wọ́n láàárín. Ẹni tó ń bá mi fọ fíìmù, méjì-méjì yẹn náà ló ń tẹ̀ wọ́n sórí bébà kan. Mo ya ọwọ́ ìyá alákàrà níbi tó ti ń po ẹ̀wà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ nóòtì. Mo ya bàtà tí wọ́n bọ́ sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Èyí tó tẹ̀ lé e ni àga ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó lé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ewì wa kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. A ó sọ ọ́, a ó tún un sọ, a ó pààrọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ á sì yí padà. Ní kíláàsì, àwítúnwí ni wọ́n ń pè é. Mo rò pé mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, títí mo fi gbé kámẹ́rà yìí délé.

Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni màmá mi, Táíwò sì ni wọ́n. Kẹ́hìndé wọn kò pé ọdún méjì tó fi padà sẹ́yìn. Síbẹ̀, fọ́tò kan wà lára ògiri ilé ìyá wọn tí ọmọbìnrin méjì jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọmọ bí ọdún márùn-ún, aṣọ kan náà, ojú kan náà. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó. Màmá mi nìkan ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ìgbà yẹn ni: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, wọn á ya èyí tó kù, wọn á tẹ nẹ́gátíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, èyí tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, á sì tún wọ ti ẹnì kejì. Onífọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, dé Ìlá ní 1975, ó sì kọ ohun tó rí nípa rẹ̀ sínú African Arts ní 1978. Ní àwọn ilé kan, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ló gba ipò ère ìbejì.

Nígbà tí a gba ìsinmi, màmá mi ní kí n ya àwọn. Wọ́n jókòó sí apá ọ̀tún bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, mo yà wọ́n. Mo fẹ́ gbé kámẹ́rà sílẹ̀, wọ́n ní, "Dúró ná." Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n wé e lọ́nà mìíràn, wọ́n sún lọ sí apá òsì, wọ́n sì kọjú sí ibi tí wọ́n ti dìde. "Ó yá, ya ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní, "Ẹ̀yin Mọ̀ọ́mi, gèlè tó wà nínú fọ́tò yín àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣé kò yẹ kó jọra ni?"

Wọ́n wò mí. "Ṣé títí a fi dàgbà la óò máa wé gèlè bákan náà ni?"

Mo ya ìkejì. N kò lè sọ̀rọ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń wo fọ́tò ara ògiri yẹn, ọmọ ọdún márùn-ún ni Kẹ́hìndé lójú mi. Lójú màmá mi, ó ti ń dàgbà láti ìgbà yẹn wá, ó sì ti ní gèlè tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àwítúnwí ti yé mi. Ìkejì kì í ṣe ẹ̀dà ìkíní. Ó wá dá a lóhùn ni.

Ẹni tó fọ fíìmù náà bi mí bóyá kóun gé méjèèjì sọ́tọ̀. Mo ní kó má gé e. Inú yàrá màmá mi ló wà báyìí, pẹ̀lú ìlà dúdú láàárín wọn.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, fíìmù ti wọ́n, àwọn tó ń fọ̀ ọ́ kò sì pọ̀ mọ́, n kò ní tàn yín. Àmọ́ bí ẹni méjì bá dá owó jọ ra fíìmù kan, fọ́tò 36 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè máa gba kámẹ́rà yà níkọ̀ọ̀kan: ọ̀kan á ya ìkíní, èkejì á dá a lóhùn. Ó ku 20 nínú fíìmù tó wà nínú tèmi báyìí. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ yà, kó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́.