Márùndínláàádọ́ta

Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ bí a ti í kọ ètò kọ̀ǹpútà, láti Òsì títí dé Ìlọ́fà, kì í pẹ́ kí wọ́n tó bá ohun tí wọ́n ń pè ní stack pàdé. Olùkọ́ á ní ó dà bí abọ́ tí a fọ̀ tí a tò léra níbi ìnáwó: èyí tí a gbé lé e kẹ́yìn ni a ó kọ́kọ́ mú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ̀rọ fi nílò irú ìtò bẹ́ẹ̀? Èyí ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀, nítorí ó ti wà lẹ́nu wa tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ tú 45, ìyẹn márùndínláàádọ́ta. Márùn-ún tí a ó yọ ni etí kọ́kọ́ gbọ́. Yọ ọ́ nínú kí ni? A kò tíì mọ̀. Kó dúró nísàlẹ̀ ná. Àádọ́ta tẹ̀ lé e, ìyẹn ogún mẹ́ta ó dín mẹ́wàá. Mẹ́wàá náà kò tíì ríbi tí a ó ti yọ ọ́, ó gorí márùn-ún. Ogún gorí mẹ́wàá. Ìgbà tí ẹ̀ta dé ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ó bá ogún tó wà lókè, wọ́n di ọgọ́ta. A yọ mẹ́wàá tó kàn, ó ku àádọ́ta. Ẹ̀yìn èyí ni ó wá kan márùn-ún tó ti ń dúró láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú, tó yọ mẹ́wàá àti márùn-ún nínú ogún kí ẹ̀ta tó dé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò bá lọ́wọ́.

Bí márùn-ún ti dúró yìí náà ni iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe máa ń dúró. Ní ìparí 1945, Alan Turing, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú àbá ẹ̀rọ rẹ̀ pé bí ẹ̀rọ bá fẹ́ fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ ṣe òmíràn, kó sin àmì ibi tó dé, kó sì hú u nígbà tó bá ń padà. Ní 1957, Friedrich Bauer àti Klaus Samelson, ará Munich ní Jámánì, kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí fún títú ìṣirò. Lónìí, ọ̀pọ̀ jù lọ ètò tó ń pe ètò mìíràn ló ń gbára lé e. Àyè stack ní ìwọ̀n, ṣá o: ètò tó bá ń pe ara rẹ̀ láìdúró yóò kún un dé òkè, yóò sì dákú.

Pẹ̀lú bí ọgbọ́n yìí ti wà nínú òǹkà wa, ó dùn mí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi ń ka owó, nígbà tí àgbẹ̀ ṣì ń fi igba ka ebè. Ẹ̀bẹ̀ mi sí olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni pé kí iṣẹ́ àṣetiléwá kan jẹ́ ètò tí yóò gba orúkọ òǹkà Yorùbá, tí yóò sì sọ iye rẹ̀. Kí wọ́n fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ebè bẹ̀rẹ̀: igba mẹ́ta ó dín ọgọ́rùn-ún. Bó bá sọ 500, kí wọ́n fún un ní mọ́kàndínlẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.