Ta Ló Kàn?

Aláàfin Lamidi Adeyemi Kẹta wàjà lóru ọjọ́ Jímọ̀, 22 oṣù Kẹrin ọdún 2022, nínú oṣù Ramadan. Àsìkò sààrì ni ìròyìn náà kàn wá ní Abidjan, orí WhatsApp ló sì gbà dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohùn àwọn akéwì ti kún inú fóònù wa. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fọ̀ Ṣọ̀ún Jimoh Oyewumi kò tíì tán lára àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan: oṣù mẹ́rin ṣáájú ni wọ́n wàjà, lẹ́yìn ọdún 48 lórí oyè. Aláàfin lo ju 51 lọ ní tiwọn. Ẹni àádọ́ta ọdún nínú wa kò mọ Aláàfin mìíràn rí.

Nílé, bí ọba bá wàjà, ọjà la kọ́kọ́ ń tì. Ta ni yóò ti ọjà Adjamé nítorí ọba Ọ̀yọ́? Àwọn obìnrin wa pàtẹ lọ́jọ́ Sátidé náà bí wọ́n ṣe ń pàtẹ tẹ́lẹ̀. Láàárín àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, àárín ìnájà ni wọ́n ti ń dárò. Ẹnì kan á ní, “Ikú Bàbá Yèyé! Ta ni yóò máa pa irú ìtàn yẹn fún wa mọ́?” Kó tó mí, á yíjú sí oníbàárà: “Ẹgbẹ̀rún márùn-ún, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.” N kò bá wọn wí. Owó ilé tó ń sún mọ́lé kò mọ̀ pé ọba wàjà.

Kí ọjọ́ náà tó parí, ìsìnkú ti parí ní Ọ̀yọ́. Àwọn àáfà kírun sí Aláàfin lára ní Àgánjú, àwọn onísẹ̀ṣe gba tiwọn ṣe, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Bàrà.

Àmọ́ ọ̀fọ̀ ọba tó wọ̀ mí lára jù kì í ṣe èyí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn àgbà nílé nínú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yìí ni mo dàgbà sí. Ọ̀fọ̀ Félix Houphouët-Boigny ni. Wọn kò dé e ládé, ààrẹ Côte d'Ivoire ni wọ́n ń pè é, síbẹ̀ ìdílé olóyè Baoulé ní Yamoussoukro ni wọ́n ti bí i, ó sì lo ọdún 33 lórí àga láìsí ẹni tó lè bi í léèrè ìgbà tí yóò sọ̀ kalẹ̀. Afárá tí à ń gbà láti Plateau lọ sí Treichville, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Pápá ọkọ̀ òfurufú, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn onílẹ̀ ń pè é ní le Vieux, àwa náà ń pè é ní Bàbá. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ọba, kí ẹ wá sọ ohun tó jẹ́ fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Kejìlá ọdún 1993, ló lọ, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún òmìnira nígbà náà gan-an. Alassane Ouattara, olórí ìjọba lábẹ́ rẹ̀, ló kéde rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò di ọjọ́ kejì tí Henri Konan Bédié, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, fi jáde lórí tẹlifíṣọ̀n kan náà, tó ní òfin ìlú gbé àga náà fún òun, kí gbogbo èèyàn wà lábẹ́ àṣẹ òun. Òkú Bàbá ṣì wà nílẹ̀. Oṣù méjì gbáko ló lò kí wọ́n tó sin ín ní 7 oṣù Kejì ọdún 1994, lẹ́yìn ìsìn ìdágbére nínú basílíkà ńlá tó kọ́ sí Yamoussoukro, tí Mitterrand, ààrẹ Faransé, àti àwọn aláṣẹ Faransé mìíràn wá jókòó tì í.

Láàárín oṣù méjì yẹn ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Ní alẹ́ 11 oṣù Kìn-ín-ní, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń ná CFA péjọ sí Dakar, wọ́n sì gé owó náà sí méjì. Láti 1960, CFA 50 là ń fi gba fàráǹ Faransé kan. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó di 100. Aṣọ àǹkárá tó ń ti Holland wá ni ìyá mi ń tà. Ọjà ọdún tà dáadáa fún un, ó tà á tán pátápátá, ó di owó náà pọ̀, ó ń dúró de ìgbà tí yóò kó ọjà tuntun. Aládùúgbò rẹ̀ tí ọjà rẹ̀ kò tà ni orí bá ṣe é. Aṣọ tó kù sílẹ̀ fún un gbówó lórí mọ́jú. Ìyá mi tú owó yẹn sílẹ̀ lórí ẹní, ó kà á, ó tún un kà. Kò dín. Orin arò Bàbá ni rédíò ń kọ lọ́wọ́. Ó ní, “Ọkùnrin yẹn kú, ó mú owó wa dání.” Àwọn ará ọjà gbà pé kò ní gbà kí wọ́n gé owó náà ká ní ó wà láyé. Lóòótọ́, ó pẹ́ tó ti ń takò ó.

Ẹkún a máa fọ òkú mọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ọdún 1990 ni òfin carte de séjour, káàdì ìgbélùú fún àlejò, jáde, Bàbá ṣì wà lórí àga nígbà náà. Ọdún yẹn kan náà ni àlejò bíi tiwa dìbò kẹ́yìn nílẹ̀ yìí. Títí di 2007 tí Ààrẹ Gbagbo fagi lé káàdì náà fún àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn àgbà wa ṣì ń sọ pé ìyà káàdì kò sí láyé Bàbá. N kì í bá wọn jiyàn.

Ọ̀yọ́ wá ṣe tirẹ̀ lódì kejì. Òkú kò pẹ́ nílẹ̀, ìtẹ́ ló ṣófo títí wọ oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 tí wọ́n yan ọba tuntun. Àwọn Ọ̀yọ́mèsì, afọbajẹ, mú ọmọ oyè kan, ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn kò fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, Baṣọ̀run ń dele. Ojú ń tì wá ní Abidjan nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ wa ọmọ Baoulé bá bi wá pé ta ni ọba yín báyìí. Ojú kì í tì mí mọ́. Wọ́n jà níbi tí gbogbo ayé ti ń rí wọn, nínú ìwé ìròyìn àti níwájú adájọ́, kò sì sí àlejò kan tí wọ́n torí ẹ̀ bèèrè káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Níbí, alẹ́ kan ni àga fi rí ẹni jókòó lé e, ìjà sì kù sábẹ́ rẹ̀. Ṣé ọmọ ilẹ̀ yìí ni baba rẹ? Ìyá rẹ ńkọ́? Òfin ìdìbò ọdún 1994 fi ìbéèrè yẹn lọ ẹni tó bá fẹ́ ṣe ààrẹ, àwọn ọlọ́pàá ojú títì sì wá fi ń lọ ẹni tó ń ta aṣọ. Ológun gbàjọba lọ́jọ́ tó ku ọ̀la Kérésì ọdún 1999. Ogun dé ní 2002, ọ̀pọ̀ wa sì padà sílé lọ́ranyàn.

Wọ́n dé Akeem Owoade, ọba tuntun náà, ládé ní Ọ̀yọ́ ní 5 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Ouattara, tó ti wà lórí àga láti 2011, tún wọlé ìbò lẹ́ẹ̀kẹrin, ní ẹni ọdún 83. Ìyá mi kì í dá sí ọ̀rọ̀ olóṣèlú. Ṣùgbọ́n láti 1994, bí ọdún ìdìbò bá ti ń bọ̀, kì í jẹ́ kí owó sùn sọ́wọ́ òun. Aṣọ ló ń fi í rà, á kó o jọ dé àjà.