Àrokò Ara Wáyà: Títún Iná Ọkọ̀ Ológun Àtijọ́ Ṣe

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí bá iṣẹ́ ríwáyà, ẹni tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, mu gan-an. Bí ohun tí a fi bo wáyà kò bá là, iná inú rẹ̀ kò ní ráyè jáde lọ fara kan irin. Nínú ọkọ̀ ológun àtijọ́, ó ti là tipẹ́tipẹ́.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí àwọn ará Ìpogun, tàbí sí àwọn ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Bedford ni gbajúmọ̀ láàrin wọn. Ilé-iṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 1931; nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì fi parí ní 1945, nǹkan bí 250,000 ni wọ́n ti ṣe fún ogun náà. Lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n jà ní Bọ́mà kọ́ ọkọ̀ wíwà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, wọ́n sì fi ṣe iṣẹ́ jẹun nígbà tí wọ́n padà dé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, ogun abẹ́lé dé Ọ̀rẹ̀, ní ilẹ̀ tí ó di Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan sí wa lẹ́nu: ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Bedford tí ń kó sọ́jà náà ni wọ́n kan pákó lé lórí tí ó di bọ́lẹ̀kájà. Òun náà ni ó di agbégilódò tí ń kó gẹdú jáde nínú igbó.

Rọ́bà ni wọ́n fi bo wáyà ayé ìgbà náà, wọ́n sì hun òwú lé e lórí. Oòrùn, epo àti ooru ẹ́ńjìnnì a máa mú kí rọ́bà náà gbẹ, kí ó máa rún; òwú a jẹrà, eku a sì jẹ nínú rẹ̀. Bí wáyà tí ó ti hòòhò bá fara kan irin, fíùsì á já. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni fíùsì. Bí ó bá já, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe. Ẹni tí ó bá fi bébà fàdákà inú páálí sìgá dípò rẹ̀ ti lé ẹ̀ṣọ́ lọ, ó kù kí olè wọlé. Iná tí ń jó ọkọ̀ run ni olè náà.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá fiyè sí jù ni àwọ̀ wáyà. Láyé àtijọ́, ẹni tí a bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Àrokò nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ Lucas ní Birmingham, tí ó ṣe ohun èlò iná fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àrokò tirẹ̀. Wáyà búráùn ń ti bátìrì bọ̀ tààrà. Funfun ń bọ̀ láti ibi kọ́kọ́rọ́. Aláwọ̀ ewé ń ti ibi kọ́kọ́rọ́ gba inú fíùsì kọjá. Búlúù ń lọ sí iná ńlá iwájú, pupa ń lọ sí iná kékeré àti iná ẹ̀yìn, dúdú ń lọ sí ara irin ọkọ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà kò nílò kí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ náà ṣì wà láàyè.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí wáyà pupa bá já lóru, tí ó sì jẹ́ pé búlúù ni ó wà nílẹ̀, ríwáyà tí ń kánjú á so ó mọ́ ọn, á wé tépù lé e. Iná á tàn, owó á wọlé. Ṣùgbọ́n irọ́ ni ó pa fún ẹni tí yóò ṣí ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí irú irọ́ bẹ́ẹ̀ bá pé mẹ́wàá, kò sí ẹni tí ó lè ka ọkọ̀ náà mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná ẹ̀yìn á kú, a kò ní mọ ibi tí ó ti kú. Agbégilódò á dúró sójú títì nínú òkùnkùn pẹ̀lú gẹdú lẹ́yìn rẹ̀; ẹni tí ń sáré bọ̀ kò ní rí i títí ọ̀ràn yóò fi bọ́ sórí.

Àwọn ológun mọ èyí. Nígbà tí ọkọ̀ wọn bá ń tò lọ lóru láìtan iná, iná kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń tàn sára irin ìdí táyà tí wọ́n kùn ní funfun. Ọ̀tá tí ó wà lókèèrè kò ní rí i, awakọ̀ tí ó tẹ̀lé e á rí i. Bí wọ́n ti ń sá fún ojú ọ̀tá tó, wọn kò gbàgbé ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bátìrì ni ríwáyà tí ó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ tú. Á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni ó so orí pọ́sítíìfù bátìrì mọ́ irin. Àwọn ọkọ̀ ológun mìíràn sì so bátìrì 12 fóòtì méjì pọ̀ di 24, gílóòbù 12 tí a bá fi síbẹ̀ á jó lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, á ya ọ̀nà wáyà sórí bébà. Á pààrọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọ̀ bá àwọ̀ mu, kí ìnípọn bá ìnípọn mu, nítorí wáyà tín-ín-rín tí ó ru ẹrù wáyà ńlá á gbóná. Á ha ìpẹtà kúrò níbi tí wáyà dúdú ti kan irin. Á fi rọ́bà sí gbogbo ihò irin tí wáyà ń gbà kọjá.

Bí àwọ̀ tí ó yẹ kò bá sí lọ́jà ńkọ́? Kí ó so àmì mọ́ orí wáyà náà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, kí ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i, kí ó sì fún ọlọ́kọ̀ ní bébà tí ó yà. Ọmọ iṣẹ́ tí a kọ́ ní bí iná yóò ṣe tàn nìkan, ìdajì iṣẹ́ ni a kọ́ ọ. Ìdajì kejì ni kí ẹlòmíràn lè ka ohun tí ó ṣe.