Ọ̀tá Ìkẹyìn

Láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ kí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, gbólóhùn kan wà tí ọkàn mi kò gbà rí. Ikú á mú ọ̀dọ́mọkùnrin lọ, ìyàwó rẹ̀ á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á máa sunkún, ẹnìkan láti ṣọ́ọ̀ṣì á sì dúró tì í, á ní: "Má sunkún mọ́. Onígbàgbọ́ ni ẹ́. Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀." Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, mo mọ̀. Àmọ́ ohun tí ìgbàgbọ́ Kristẹni fi kọ́ wa nípa ikú kọ́ nìyẹn.

Ẹ lọ wo Jésù ní Bẹ́tánì. Kí ó tó gbéra rárá ló ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé òun ń lọ jí Lásárù. Òkú náà ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì. Síbẹ̀, nígbà tí ó rí Màríà, arábìnrin Lásárù, àti àwọn tó tẹ̀ lé e tí wọ́n ń sunkún, òun náà sunkún. Bí ikú bá jẹ́ ọ̀rẹ́ wa, kí ló pa á lẹ́kún, òun tó mọ̀ pé láìpẹ́ Lásárù á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde?

Ní ọdún 1955, Oscar Cullmann, ọmọ Strasbourg, onímọ̀ Bíbélì, sọ àsọyé kan ní Harvard tó bí ọ̀pọ̀ Kristẹni nínú nígbà tí wọ́n kà á. Ó gbé ikú méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Socrates, ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì, mu májèlé ní Áténì, ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi, pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, nítorí ó gbà pé túbú ni ara jẹ́ fún ọkàn. Ní Gẹtisémánè, ẹ̀rù ba Jésù. Ó bẹ Bàbá rẹ̀ pé kí ó yẹ ikú náà lórí òun bí ó bá ṣeé ṣe. Ó ń wá ẹni tí yóò bá a ṣọ́nà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì sùn lọ. Ara kì í ṣe túbú fún ẹni tó gba Jẹ́nẹ́sísì gbọ́. Ọlọ́run ló mọ ọ́n, ohun tó bá sì wó o, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ló wó.

Ìdí nìyí tí Pọ́ọ̀lù, nínú ìwé kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 15, fi pe ikú ní ọ̀tá, èyí tí a ó pa run kẹ́yìn. Àjíǹde Jésù ti ṣẹ́ ẹ lápá, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jà. Òótọ́ ni pé Pọ́ọ̀lù kan náà sọ fún àwọn ará Fílípì pé èrè ni kíkú jẹ́ fún òun. Ó pẹ́ tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Kristi tí yóò bá lọ́hùn-ún ni èrè náà, kì í ṣe ikú. Bí ọdẹ bá gba ọmọ lẹ́nu ẹkùn, a kì í tìtorí ìyẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹkùn.

Àwa Yorùbá máa ń ya ikú sọ́tọ̀: òkú ọ̀dọ́, ọ̀fọ̀ ni; òkú àgbà, ìnáwó ni. Pọ́ọ̀lù kò yà á bẹ́ẹ̀; ọ̀tá ni gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe òní ni àwọn Kristẹni ti ń pa ẹkún mọ́ra. Monica, ìyá Augustine, kú ní Ostia, èbúté Róòmù, ní ọdún 387. Ó ti ń fẹ́ tipẹ́ kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ Patricius ọkọ rẹ̀, nílé, ní Áfíríkà. Nígbà tí àìsàn náà le, ó ní kí wọ́n sin òun síbi tó bá wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà máa rántí òun níbi pẹpẹ Olúwa. Bí ẹ̀mí ṣe bọ́, Adeodatus, ọmọ Augustine, figbe ta; gbogbo wọn pa á lẹ́nu mọ́, wọ́n ní irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti igbe. Augustine fúnra rẹ̀ fi tipátipá dá omijé dúró títí dé ojú oórì. Ó lọ wẹ̀, bóyá ìbànújẹ́ á bá omi lọ, kò lọ. Ó sùn, ó jí, níbẹ̀ lórí ibùsùn, lóun nìkan, ló ti jẹ́ kí ẹkún náà jáde.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Confessions. Ó mọ̀ pé ẹlòmíràn lè ka ẹkún náà sí ẹ̀ṣẹ̀ sí òun lọ́rùn. Èmi kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó wá tọrọ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ka ìwé náà ni pé kí wọ́n rántí Monica àti Patricius, òbí òun méjèèjì, níbi pẹpẹ.